Paul Cézanne àti Agbọ̀n Ápù Rẹ̀

Ní ọjọ́ 19 oṣù kìíní ọdún 1839 ni a bí Paul Cézanne ní ìlú Aix-en-Provence, ní ìhà gúúsù ilẹ̀ Faransé. Oníṣòwò fìlà ni baba rẹ̀ kí ó tó di oníbáńkì, ó sì fẹ́ kí ọmọ òun di amòfin. Ọmọ náà kọ́ òfin díẹ̀, ṣùgbọ́n àwòrán ni ọkàn rẹ̀ fà sí. Ní 1861 ó lọ sí Paris. Ilé-ẹ̀kọ́ àwòrán tí ó lókìkí níbẹ̀ kò gbà á wọlé, àwọn adájọ́ àfihàn ìjọba sì ń dá iṣẹ́ rẹ̀ padà léraléra. Ní 1874 ó bá Monet, Renoir, Pissarro àti àwọn mìíràn ṣe àfihàn tiwọn. Àwọn ni a ń pè ní Impressionists, orúkọ tí a fi ṣe ẹlẹ́yà ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gàn tí Cézanne jẹ kò kéré. Lẹ́yìn àfihàn ti 1877, kò bá wọn ṣe é mọ́.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí a wo àwòrán kan tí ó yà ní nǹkan bí ọdún 1893, tí ó wà ní ìlú Chicago nísinsìnyí. Tábìlì kan ni, aṣọ funfun wà lórí rẹ̀. Agbọ̀n ápù kan tẹ̀ síwájú, àwọn èso ti yí kiri lórí aṣọ náà. Ìgò kan wọ́ sí òsì, àwo bisikíìtì sì wà lápá ọ̀tún. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i nínú ìwé, mo fi rúlà lé etí tábìlì náà. Ti òsì àti ti ọ̀tún kò bá ara wọn mu! Bí ó bá jẹ́ ọmọ kíláàsì mi ni ó yà á, èmi ì bá fa igi pupa sí i.

Ṣùgbọ́n mo wò ó títí. Ojú ènìyàn kì í dúró sí ibì kan bí ti kámẹ́rà. Bí a bá jókòó ti tábìlì, a ó tẹrí wo inú àwo, a ó gbójú sókè wo ìgò, a ó yí sí ọ̀tún. Bí a sì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, tábìlì kò rí bákan náà lójú wa. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni Cézanne máa ń fi wo èso (wọ́n ní wọn a máa jẹrà níwájú rẹ̀), gbogbo wíwò náà ni ó sì kó sínú àwòrán kan ṣoṣo. Kò gbẹ́kẹ̀ lé òjìji dúdú láti mú kí èso rí roboto. Pupa, ìyeyè àti àwọ̀ ewé ni ó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Lójú tèmi, bí ó bá tọ́ etí tábìlì náà ni, ìgò àti agbọ̀n ì bá dàbí ohun tí ó fẹ́ ṣubú. Bí ó ti yà á yìí, wọ́n gbé ara wọn ró.

Ní 1895, Ambroise Vollard, oníṣòwò àwòrán ní Paris, pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ nìkan fún ìgbà àkọ́kọ́, agbọ̀n ápù yìí sì wà níbẹ̀. Cézanne ti di ẹni ọdún 56.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1906, òjò bá a níbi tí ó ti ń ya àwòrán ní ìta, ó ṣubú, a sì fi kẹ̀kẹ́ ẹrù gbé e wálé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó tún jáde lọ sí ọgbà láti ya àwòrán olùtọ́jú ọgbà rẹ̀. Kò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà tí ó fi kú, ní ẹni ọdún 67.