John Charnley, oníṣègùn tó fi irin rọ́pò oríkèé ìbàdí

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 1911 ni wọ́n bí John Charnley ní ìlú Bury, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Apòògùn ni bàbá rẹ̀, nọ́ọ̀sì sì ni ìyá rẹ̀. Ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Manchester, ó sì parí rẹ̀ ní ọdún 1935. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó tọ́jú àwọn ọmọ ogun.

Lẹ́yìn ogun, ó gbájú mọ́ àìsàn egungun. Oríkèé ìbàdí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ti bàjẹ́: ìrora kò jẹ́ kí wọ́n rìn, kò jẹ́ kí wọ́n sùn. Charnley fi irin ṣe orí egungun itan. Ó fi ike kan tí à ń pè ní Teflon ṣe ihò tí orí náà ń yí nínú rẹ̀. Irú sìmẹ́ǹtì tí àwọn oníṣègùn eyín ń lò ni ó fi lẹ̀ wọ́n mọ́ egungun.

Láti ọdún 1958, nǹkan bí 300 ènìyàn gba oríkèé yìí. Wọ́n dìde, wọ́n ń rìn. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún díẹ̀, Teflon náà jẹ, ìyẹ̀fun rẹ̀ sì ń ba ara jẹ́. Ìrora padà dé.

Bí àgbà bá ṣubú, ẹ̀yìn ni í wò. Charnley fi Teflon díẹ̀ sínú itan ara rẹ̀ láti mọ ohun tó ń ṣe. Ibẹ̀ sì wú. Ó tún iṣẹ́ abẹ ṣe fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn aláìsàn náà.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1962, oníṣòwò kan gbé ike mìíràn wá, èyí tí wọ́n ń lò nínú ẹ̀rọ ìhunṣọ. Charnley kò kà á sí. Nígbà tí ó rìnrìn àjò, Harry Craven, òṣìṣẹ́ rẹ̀, fi ike náà sórí ẹ̀rọ ìdánwò. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ kọjá, ike náà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ. Ọ̀gá dé, ó rí i, ó sì gbà. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún àwọn aláìsàn.

Ó rọ àwọn aláìsàn rẹ̀ pé, bí wọ́n bá kú, kí wọ́n jẹ́ kí a yọ oríkèé náà wò. Ó fẹ́ mọ bí ó ti pẹ́ tó. Ó gba oyè Sir ní ọdún 1977, ó sì kú ní ọjọ́ 5 oṣù kẹjọ ọdún 1982.

Lónìí, ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ní ń fi irú oríkèé bẹ́ẹ̀ rìn. Ojú kò rí irin tó wà nínú ara. Nítorí náà, kí ẹni tó ní in sọ fún àwọn oníṣègùn kí ó tó wọ inú ẹ̀rọ òòfà ńlá tó ń ya àwòrán inú ara. Òòfà kì í sábà fa irin oríkèé kúrò ní ààyè rẹ̀, ṣùgbọ́n irin lè ba àwòrán náà jẹ́, ó sì lè gbóná. Bí wọ́n bá mọ irú irin tó jẹ́, wọ́n á mọ bí wọn yóò ṣe yà á láìséwu.