Dúró Ládípọ̀: Tíṣà Tó Gbé Ìlù Wọ Ṣọ́ọ̀ṣì

Ẹ jẹ́ n sọ ìtàn tíṣà kan fún yín. Kò ṣiṣẹ́ nílé ìwé wa, ṣùgbọ́n ìtàn Ọ̀yọ́ ló sọ ọ́ di ẹni tí ayé mọ̀.

Dúró Ládípọ̀ ni mò ń wí. Àbíkú ni wọ́n kà á sí, ìdí nìyẹn tí orúkọ rẹ̀ fi ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró. Iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ni bàbá rẹ̀ ń ṣe, ṣùgbọ́n onílù ni bàbá bàbá rẹ̀. Ẹ ò rí i pé ohùn méjì ló ń pè é láti kékeré: dùrù láti inú ṣọ́ọ̀ṣì, ìlù láti ìta. Nígbà tó dàgbà, ó ṣe tíṣà ní Kàdúná lókè ọya kó tó padà sí Òṣogbo.

Ní ọdún 1961, ó ṣètò orin Àjíǹde fún ṣọ́ọ̀ṣì All Saints ní Òṣogbo, ó sì gbé ìlù ilẹ̀ wa sí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bí ṣọ́ọ̀ṣì ṣe rí láyé ìgbà náà, ẹ lè fọkàn ro ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ di ariwo. Ẹ má bú àwọn àgbà ìjọ náà jù o. Ìlù tí wọ́n mọ̀ mọ́ ojúbọ òrìṣà ni wọ́n tún gbọ́ nínú ilé Ọlọ́run, ẹ̀rù bà wọ́n.

Ṣùgbọ́n ohun tí Ládípọ̀ ń wá kì í ṣe ariwo. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ohùn ló ń sọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá. Ọkọ lọ́tọ̀, ọkọ́ lọ́tọ̀, ọkọ̀ lọ́tọ̀. Bí ẹ bá mú ọ̀rọ̀ wa, tẹ́ ẹ fi sórí ohùn orin tí wọ́n ṣe fún èdè Gẹ̀ẹ́sì, orin lè gòkè níbi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹni tó ń kọrin máa sọ ohun tí kò ní lọ́kàn. Àwọn kan ti rí ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú rẹ̀. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti gbé orin ìjọ lédè Yorùbá sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. T. K. E. Phillips, tó ń tẹ dùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì kàtídírà Èkó, sì kọ ìwé lórí orin Yorùbá tó jáde ní 1953. Ládípọ̀ ní tirẹ̀ fẹ́ kí ìlù náà wọlé.

Nígbà tí ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì há, kò jókòó sunkún. Ní oṣù kẹta ọdún 1962, ó dá Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo, Ọba Mọ̀rọ̀ ni wọ́n sì fi ṣí i. Ọba Kò So tẹ̀ lé e ní 1963, Ọba Wàjà ní 1964. Ẹ bá mi wò ó, ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́: mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tiwa ni! Àkọ́kọ́ ni ìtàn Aláàfin Abípa tó mú àwọn ayédèrú iwin tí wọ́n fi fẹ́ dẹ́rù bà á. Èkejì ni ti Ṣàngó, Tìmì àti Gbọ̀ńkáà. Ẹ̀kẹta dá lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí Aláàfin Ṣìyanbọ́lá Oládìígbòlù wàjà ní 1944.

Ibi tí mò ń lọ gan-an rèé. Kò kàn já orin oníṣàngó gbà kó fi ṣe ẹ̀ṣọ́. Ó tọ àwọn tó ni ín lọ, ó sì kọ́ ọ lọ́dọ̀ wọn. Onílù tí kò mọ ìwé kà ò jókòó sẹ́yìn níbẹ̀. Bàtá àti dùndún ń sọ̀rọ̀ bí òṣèré ṣe ń sọ̀rọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣe Ṣàngó, ìyàwó rẹ̀ Abíọ́dún ń ṣe Ọya. Wọ́n gbé Ọba Kò So lọ sí Berlin ní 1964, wọ́n gbé e dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1965. Èdè Yorùbá náà ni wọ́n fi ṣe é fún wọn lọ́hùn-ún, òyìnbó sì pàtẹ́wọ́.

Ládípọ̀ kú ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta ọdún 1978. Kò tí ì pé ọgọ́ta ọdún. Dúró ò dúró pẹ́ tó bí a ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ dúró.

Ó wá ku àwa. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ síra wa. Nígbà tá a wà nílé ìwé, kí ni ẹgbẹ́ akọrin wa ń kọ? Orin òyìnbó láti orí ìwé. Àwọn onílù ńkọ́? Ẹnu géètì ni wọ́n ń dúró sí, wọ́n ń ki àlejò, wọ́n ń gba owó péńpé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tí wọ́n ń sọ Hausa nílé ní Sábó ńkọ́? Wọ́n kọ gbogbo orin wa, àwa ò kọ ẹyọ kan nínú tiwọn rí. Èmi tí mò ń kọ èyí wà nínú ẹgbẹ́ akọrin náà, ó sì ń dùn mí títí dòní pé mi ò bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ìgbìmọ̀ àpéjọ ò pọ̀. Bẹ́ ẹ bá tún ń ṣètò orin, ẹ pe onílù wọ inú gbọ̀ngàn. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ètò bẹ́ ẹ ṣe ń kọ ti ẹni tó ń tẹ dùrù. Ẹ san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un. Ẹ bi í pé orin wo ló yẹ níta gbangba, èwo ni kì í jáde kúrò nílé awo, kẹ́ ẹ sì gba ohun tó bá wí. Ẹ ní kí ẹlẹgbẹ́ wa láti Sábó kọ́ wa ní orin kan, pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹni tí kò mọ nóòtì kà, ẹ fi etí kọ́ ọ.

Kí Ọlọ́run tún jẹ́ ká ríra lọ́dún tó ń bọ̀. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ ìlù nínú gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà, ẹ má bojú wo ẹ̀yìn. Ẹ dìde, ká jọ jó.