Rudolf Diesel, Ẹni tí ó Fi Afẹ́fẹ́ Dáná

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń ra epo dísẹ́ẹ̀lì sínú ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù wọn lójoojúmọ́ tí wọn kò mọ̀ pé orúkọ ènìyàn ni àwọn ń pè. Rudolf Diesel ni ẹni náà ń jẹ́. Òun ni ó hùmọ̀ ẹ́ńjìnnì tí kò nílò púlọ́ọ̀gì láti dáná. Ó yẹ kí a mọ ìtàn rẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó bá fẹ́ fi owó kékeré kún agbára irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí Diesel mọ̀ nípa afẹ́fẹ́, epo àti ooru.

Ìlú Paris ní ilẹ̀ Faransé ni a ti bí i ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 1858, ṣùgbọ́n ará Jámánì ni àwọn òbí rẹ̀. Oníṣẹ́ awọ ni baba rẹ̀. Wọn kì í ṣe ọlọ́rọ̀. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Faransé àti Jámánì ní ọdún 1870, ó di dandan fún ìdílé náà láti sá lọ sí London. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rán Rudolf, ọmọ ọdún 12, lọ sí Augsburg ní Jámánì, sí ọ̀dọ̀ ẹbí wọn kan tí ó jẹ́ olùkọ́ ìṣirò. Níbẹ̀ ni ọmọ náà ti pinnu pé iṣẹ́ ẹ̀rọ ni òun yóò ṣe.

Ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni ó fi wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Munich. Ọ̀jọ̀gbọ́n Carl von Linde, ògbóǹtarìgì nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ń sọ omi di yìnyín, wà lára àwọn olùkọ́ rẹ̀. Níbẹ̀ ni Diesel ti kọ́ pé ẹ̀rọ tí ooru omi híhó ń tì, èyí tí gbogbo ayé ń lò nígbà náà, ń fi èédú ṣòfò. Nínú 100 ìwọ̀n ooru tí èédú bá mú wá, nǹkan bí 10 péré ni ó ń di iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ mọ́. Ibà táífọ́ọ̀dù kò jẹ́ kí ó ṣe ìdánwò àṣekágbá pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1879, ṣùgbọ́n nígbà tí ó ṣe é ní 1880, ó yege tayọ. Ó bá Linde ṣiṣẹ́ ní Paris, ó sì ń fi àkókò tí ó bá ṣẹ́kù wá ẹ̀rọ tí kò ní fi ooru ṣòfò.

Ẹni tí ó bá ti fi pọ́ǹpù fún táyà kẹ̀kẹ́ ní afẹ́fẹ́ rí mọ̀ pé ara pọ́ǹpù náà a máa gbóná. Afẹ́fẹ́ tí a bá tẹ̀ pọ̀ sí ojú kan kò lè ṣe kí ó má gbóná. Orí èyí ni Diesel gbé èrò rẹ̀ kà. Ó ní kí písítìn tẹ afẹ́fẹ́ nìkan pọ̀ títí yóò fi gbóná janjan, kí a wá fọ́n epo sí i, epo náà yóò sì gbiná fúnra rẹ̀. Ní 1893 ni ìjọba Jámánì fún un ní ìwé àṣẹ lórí ohun tí ó hùmọ̀ yìí. Ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ Augsburg àti ilé-iṣẹ́ Krupp sì tì í lẹ́yìn.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1893, nígbà ìdánwò àkọ́kọ́, ohun èlò tí wọ́n fi ń wọn agbára bú gbàmù, díẹ̀ ni ó kù kí àfọ́kù rẹ̀ pa á. Ní oṣù kejì ọdún 1894, ẹ́ńjìnnì náà fúnra rẹ̀ ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú kan péré ni. Diesel kò juwọ́ sílẹ̀. Ó tún lo ọdún mẹ́ta sí i, ó ń yí ìwọ̀n afẹ́fẹ́ àti epo padà díẹ̀díẹ̀. Ní 1897, Ọ̀jọ̀gbọ́n Moritz Schröter yẹ ẹ́ńjìnnì náà wò ní gbangba: nínú 100 ìwọ̀n ooru, ó lé ní 26 tí ó di iṣẹ́. Ní ibi àfihàn ńlá ti Paris ní 1900, irú ẹ́ńjìnnì yìí kan fi òróró ẹ̀pà ṣiṣẹ́.

Òkìkí àti owó dé, ṣùgbọ́n owó náà kò pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òwò ilẹ̀ tí kò yọrí sí rere àti ẹjọ́ lórí ìwé àṣẹ rẹ̀ jẹ ẹ́ run, ara rẹ̀ kò sì le. Ní alẹ́ ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 1913, ó wọ ọkọ̀ ojú omi Dresden ní Antwerp, ó ń lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a kò rí i nínú ọkọ̀ mọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, àwọn atukọ̀ kan rí òkú kan lórí òkun. Ọmọ rẹ̀ sì fi àwọn ohun tí wọ́n bá nínú àpò rẹ̀ dá a mọ̀. Títí di òní, àwọn òpìtàn kò fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tí ó pa á.

Ẹ́ńjìnnì ayé Diesel wúwo ju ohun tí ọkọ̀ ilẹ̀ lè gbé. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1924, ni àwọn ilé-iṣẹ́ Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í fi í sínú ọkọ̀ akẹ́rù. Alfred Büchi, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ti gba ìwé àṣẹ ní 1905 lórí ohun tí a ń pè ní túbò lónìí. Túbò ń lo agbára èéfín tí ń jáde lọ láti fi ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú ẹ́ńjìnnì.

Nígbà náà, kí ni kí ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ kọ́kọ́ ṣe, bí ó bá fẹ́ kí píkọ́ọ̀pù rẹ̀ lè fa ẹrù gun òkè dáadáa? Afẹ́fẹ́ ni kí ó kọ́kọ́ wá. Kí ó yẹ asẹ́ afẹ́fẹ́ wò. Bí eruku bá ti dí i, kí ó pààrọ̀ rẹ̀. Kí ó wo àwọn rọ́bà tí afẹ́fẹ́ túbò ń gbà kọjá, bóyá wọ́n ti ya. Asẹ́ epo pẹ̀lú kò gbọdọ̀ dí. Iṣẹ́ wọ̀nyí kò wọ́n, agbára tí ó ti sọnù ni wọ́n sì ń dá padà. Lẹ́yìn náà, kí ó ra géèjì tí ń sọ bí èéfín ti gbóná tó. Ìgbà yìí ni ó tó lè bẹ onímọ̀ kí ó fi díẹ̀ kún epo tí ń wọ ẹ́ńjìnnì. Bí ọkọ̀ bá ní túbò, èyí a máa mú agbára wá ju iye owó rẹ̀ lọ. Bí kò bá ní, èrè rẹ̀ kéré. Ẹni tí ó bá ń rọ epo sí i láìsí afẹ́fẹ́ tí yóò jó o, èéfín dúdú ni yóò rí, ooru yóò sì yọ́ písítìn rẹ̀.

Ìwọ̀n ni ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ìgbésí ayé ọkùnrin yìí. Nínú ẹ́ńjìnnì, Diesel fi sùúrù wọn ohun gbogbo, iṣẹ́ rẹ̀ sì yọrí. Nínú ọ̀ràn owó, kò wọn ọ́n bẹ́ẹ̀, ó sì pàdánù. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kánjú kí ẹ̀rọ yín lágbára, ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ó lè gbé, kí ẹ tó di ẹrù lé e.