Samuel Johnson àti Ìṣirò Owó Ẹyọ

Àwọn tí ń ṣa owó àtijọ́ jọ a máa béèrè èwo ni ojúlówó nínú owó ẹyọ tí a bá kó síwájú wọn. Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n bí a tilẹ̀ mọ ojúlówó, ẹyọ kan ṣoṣo lórí àtẹ́lẹwọ́ kò lè sọ fún wa bí àwọn baba wa ti ń ná an. Ìṣirò ni ó sọ ọ́ di owó, ìṣirò yìí sì wà lára ohun tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ sílẹ̀ fún wa.

Ìlú Hastings ní Sàró ni a bí i sí, ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà ọdún 1846. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Henry baba rẹ̀, láti ìran Aláàfin Abíọ́dún. Òwò ẹrú ni ó gbé e dé Sàró. Ní 1858 ni wọ́n wá sí Ìbàdàn. Samuel kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ CMS ní Abẹ́òkúta láti 1862 sí 1865, ó sì padà sí Ìbàdàn láti máa ṣe olùkọ́.

Ìgbà tí owó ń yí padà ni ó dàgbà. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni a ti ń ná ẹyọ kékeré tí ó ti erékùṣù Maldives wá. Ní nǹkan bí ọdún 1845, àwọn oníṣòwò Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í kó irú mìíràn wá láti Zanzibar. Ẹyọ Maldives ní igun àti kókó létí; ti Zanzibar tóbi jù ú lọ, etí rẹ̀ dán, òrùka tí ó pọ́n bí wúrà sì yí ẹ̀yìn rẹ̀ ká. Bí a bá ti lu ẹ̀yìn rẹ̀ kí okùn lè gba inú rẹ̀ kọjá, òrùka náà lè bá a lọ. Nígbà náà, etí àti ìtóbi rẹ̀ ni a óò wò. Bí ẹyọ ti ń pọ̀ lọ́jà ni agbára rẹ̀ ń dín kù.

Johnson to ìṣirò náà lẹ́sẹẹsẹ. Ogójì ẹyọ ni okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, èyí tí í ṣe 20,000. (Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ pé igba márùn-ún ni ẹgbẹ̀rún, igba mẹ́wàá sì ni ẹgbàá.)

Òun náà ni ó kọ ìtàn ọjà Apòmù, aládùúgbò Ìkirè, níbi tí Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé. Ó ní àríyànjiyàn lórí ataare ẹyọ márùn-ún ni ó di ìjà níbẹ̀, tí ìjà sì di ogun tí Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú fi pa Òwu run. Ẹyọ márùn-ún! Ìdá kan nínú mẹ́jọ okùn kan. Lójú tèmi, kò yẹ kí a di ẹ̀bi náà ru ataare. Wọ́n ti ń jí àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ gbé tà ní ọjà yìí kí ìjà náà tó dé, Johnson kò sì fi ìyẹn pamọ́.

Ó di díákónì ní 1880, àlùfáà ní 1888. Òun àti Charles Phillips ni gómìnà Èkó rán láti parí Ogun Kírìjì ní 1886. Ọ̀yọ́ ni ó ti lo ìyókù ayé rẹ̀. Ó gbọ́ ti ẹnu àwọn arọ́kin, ó sì gbọ́ ti ẹnu àwọn tí ogun ṣojú wọn.

Ó parí ìwé rẹ̀ ní 1897. Nígbà tí a fi í ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sọnù sọ́wọ́ àwọn tí a ní kí ó tẹ̀ ẹ́. Johnson kú ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin ọdún 1901 láìfojú kàn án. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó tún un kọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tí ó fi sílẹ̀. Obadiah náà kú ní 1920. Ní 1921 ni ìwé náà jáde, nígbà tí ṣílè ti ń gba ọjà lọ́wọ́ ẹyọ.