DÓKÍTÀ LÁMBÒ ÀTI ÀWỌN ÀGBẸ̀ ARÒ

Bí a bá ń ka orúkọ àwọn tí wọ́n tún ilẹ̀ Yorùbá ṣe ní àkókò tí òmìnira ń bọ̀, àwọn olóṣèlú ni a sábà máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, àwọn agbẹjọ́rò a tẹ̀ lé wọn, àwọn àlùfáà a sì ṣe ìkẹta. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni tó rántí àwọn oníṣègùn. Lónìí àwa fẹ́ gbé ọ̀kan nínú wọn kalẹ̀ síwájú ẹ̀yin ònkàwé wa, èyíinì ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lámbò, tí ó fi ayé sílẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2004. Kì í ṣe ìyìn òkú nìkan ni a bá wá. Àìtó òṣìṣẹ́ ìlera ti di ìṣòro ńlá ní ilẹ̀ wa: àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì tí a fi owó ìlú kọ́ ń wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí ìlú òyìnbó, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó kù sì kó ara wọn jọ sí àwọn ìlú ńlá. Bí ọpọlọ ọmọ ẹni bá dàrú ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn, tàbí ní ìlú mìíràn ní agbègbè Èjìgbò, ta ni a ó sáré tọ̀ lọ? Ó lé ní 70 ọdún sẹ́yìn tí Lámbò ti dojú kọ irú ìbéèrè yìí, ìdáhùn tí ó sì fún un kò sí nínú ìwé tí àwọn òyìnbó fi kọ́ ọ.

Ìlú Abẹ́òkúta ni a bí i sí ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1923. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn ọmọkùnrin ti Ìjọ Onítẹ̀bọmi tí ó wà ní ìlú náà ni ó lọ, kí ó tó kọjá sí Yunifásítì Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ó ti gboyè oníṣègùn ní 1948. Nígbà tí ó padà dé, ó ṣiṣẹ́ ìjọba ní Èkó, ní Zaria àti ní Gusau, lẹ́yìn náà ni ó tún lọ sí London láti kọ́ nípa àìsàn ọpọlọ ní pàtó. Òun ni a kà sí ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó kọ́ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ yanjú.

Ohun tí ó bá nílẹ̀ nígbà náà kò dára. Ìjọba amúnisìn ti dá ilé àwọn wèrè sílẹ̀ ní Calabar ní 1904 àti ní Yábà ní 1907, ṣùgbọ́n òfin tí wọ́n ṣe ní 1916 nípa irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀, ìfinisátìmọ́lé ni ó mọ̀, kò mọ ìtọ́jú. Ní Abẹ́òkúta, ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ kan ní Lántòrò ni a ń kó wọn sí láti 1944. Ẹbí tí kò bá fẹ́ kí ọmọ wọn kú sí irú ibẹ̀ a gbé e lọ sọ́dọ̀ adáhunṣe, níbi tí wọ́n ti lè kan ẹsẹ̀ rẹ̀ ní àbà tàbí kí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é. Ní ti àwọn ọ̀mọ̀wé, ní 1953 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìwé kan jáde tí dókítà òyìnbó kan tí ń jẹ́ Carothers kọ. Nínú ìwé náà, ó fi ọpọlọ ènìyàn dúdú wé ti òyìnbó tí a ti fi abẹ gé ọpọlọ rẹ̀. Kí ẹ̀yin ònkàwé wa fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó tún kan Àjọ náà níwájú.

Ní 1954 ni iṣẹ́ Lámbò bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ìwòsàn tuntun tí a ń kọ́ sí Arò, ní ẹ̀yìn Abẹ́òkúta. Àwọn kan wà láàárín àwọn alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ tí wọ́n fẹ́ kí a máa ka gbogbo ohun rere ọjọ́ wọ̀nyẹn sí ẹgbẹ́ wọn lọ́rùn. A kò jiyàn pé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn náwó lórí ìlera, àti lórí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1955. Ṣùgbọ́n a ti pète ilé-ìwòsàn Arò kí ìjọba ẹgbẹ́ kankan tó gorí oyè, ọgbọ́n tí a fi sọ ọ́ di olókìkí kò sì ti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ kankan wá.

Ilé náà kò tíì parí nígbà tí ó dé ibẹ̀. Ibùsùn kò sí, aláìsàn sì ń bọ̀. Dókítà mìíràn ì bá kọ ìwé sí ìjọba kí ó sì jókòó ti èsì. Lámbò wo àyíká rẹ̀, ó rí abúlé àwọn àgbẹ̀ mẹ́rin tí ó yí ọgbà náà ká, ó sì tọ àwọn baálẹ̀ àti àwọn àgbààgbà ibẹ̀ lọ. Ohun tí ó bẹ̀ wọ́n fún ni pé kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé gẹ́gẹ́ bí ayálégbé.

Ètò náà rọrùn láti sọ, kò rọrùn láti ṣe. A kì í gba aláìsàn kan láìjẹ́ pé ó kéré tán ẹnì kan nínú ẹbí rẹ̀ bá a wá: ìyá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tàbí àbúrò ìyá rẹ̀. Ẹni yìí ni yóò máa dáná, tí yóò máa fọ aṣọ, tí yóò mú aláìsàn lọ sí ilé-ìwòsàn ní òwúrọ̀, tí yóò sì mú un padà wálé lọ́sàn-án. Ní ilé-ìwòsàn wọ́n ń lo egbòogi òyìnbó tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ọdún wọ̀nyẹn, wọ́n sì ń fi iná mànàmáná tọ́jú àwọn mìíràn. Ní abúlé, aláìsàn ń bá àwọn onílé rẹ̀ lọ sóko, ó ń bá wọn jókòó níbi ayẹyẹ, ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé àti ti ọjà bí ènìyàn gbogbo. Kò sí odi, kò sí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ìwòsàn a sì máa bẹ̀ wọ́n wò níbẹ̀.

Kí ni èrè àwọn ará abúlé? A yá wọn lówó kí wọ́n lè kọ́ yàrá kún ilé wọn, owó ilé sì ń wọlé fún wọn. Omi ẹ̀rọ dé. A gbẹ́ ṣáláńgá, a kó àwọn òṣìṣẹ́ tí ń pa ẹ̀fọn jọ, a ń tọ́jú àwọn onílé fúnra wọn bí ara wọn kò bá yá, àwọn mìíràn nínú wọn sì rí iṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn. Ibí yìí gan-an ni àwa rò pé ọgbọ́n ọkùnrin náà wà. Bí ó bá jẹ́ pé ó kàn lọ wàásù àánú fún àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyẹn ni, wọn ì bá kí i dáadáa, kí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn wọn. Ó ṣètò rẹ̀ tí ìlera aláìsàn àti ìgbé-ayé abúlé fi so mọ́ra. Onílé, baálẹ̀, ìyá aláìsàn, wolé-wolé, nọ́ọ̀sì àti akápò ìjọba, olúkúlùkù ní ipa tirẹ̀ nínú iṣẹ́ kan ṣoṣo, kò sì sí ẹni tí a béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀ kí a tó kà á mọ́ òṣìṣẹ́ ìlera, bí kò ṣe àwọn tí ń fún ni lóògùn.

Àwọn ará Èjìgbò àti Ifẹ̀-Ọ̀dàn yóò tètè mọ ohun tí a ń wí. Ó pẹ́ tí àwọn ọmọ agbègbè náà ti ń lọ ṣòwò ní Abíjàn, ẹni tí ó bá sì ti gbé ilẹ̀ àjèjì rí mọ bí onílé rere ti níyelórí tó ní ọjọ́ tí ara kò bá le.

Ọ̀rọ̀ tí ó fa àríyànjiyàn jù ni ti àwọn adáhunṣe. Lámbò pe àwọn kan nínú wọn wá sí Arò, ó gba ìmọ̀ràn wọn, ó sì fún wọn ní ipa nínú ìtọ́jú lábẹ́ àbójútó tirẹ̀. Kì í ṣe gbogbo àwọn dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni inú wọn dùn sí i. Àwa pẹ̀lú kò gbàgbé àbà àti pàṣán. Ẹni tí ó bá ń na aláìsàn kò yẹ ní orúkọ oníṣègùn, ìbáà jogún iṣẹ́ náà láti ìran mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n Lámbò mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹbí ti ń dé ọ̀dọ̀ adáhunṣe kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ òun. Bí òun bá lé adáhunṣe dànù, òru ni wọn yóò máa lọ bá a. Bí òun bá pè é sí gbangba, ojú yóò wà lára ohun tí ó ń ṣe. Adáhunṣe sì mọ ohun tí dókítà tí ó ti London dé lè má mọ̀: ohun tí ẹbí náà ń bẹ̀rù, àti ẹni tí wọ́n rò pé ó fi àìsàn náà ṣe ọmọ wọn. Ẹni tí kò bá mọ ìwọ̀nyí yóò wo ara aláìsàn sàn, yóò sì dá a padà sí ilé tí a ti ń fura sí i.

A lè fi Arò wé ìlú Geel ní ilẹ̀ Belgium, níbi tí àwọn ará ìlú ti ń gba aláìsàn ọpọlọ sílé láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ìyàtọ̀ ńlá kan wà. Ní Geel, aláìsàn nìkan ni ó ń wọ inú ìdílé ẹlòmíràn. Ní Arò, ẹbí rẹ̀ bá a wá, ẹbí náà sì ń kọ́ bí a ti ń tọ́jú rẹ̀ kí wọ́n tó padà sílé. Gbogbo ìyá tí ó ti Arò padà sí ìlú rẹ̀ ti di òṣìṣẹ́ ìlera láìgba owó oṣù.

Ìyókù ìtàn rẹ̀ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀, nítorí àwọn ipò ńlá ni. Ní 1961 ni àwọn oníṣègùn ọpọlọ láti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà péjọ sí Abẹ́òkúta fún ìpàdé irú rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní àkókò kan náà ni òun àti Alexander Leighton ti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà ṣe ìwádìí ní àwọn abúlé Ẹ̀gbá. Ìwé tí ó ti inú rẹ̀ jáde ní 1963 fi hàn pé àìsàn ọpọlọ láàárín Yorùbá jọ ti àwọn ará Kánádà tí a fi wé wọn lọ́nà púpọ̀. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1963, ó sì ṣe gíwá ibẹ̀ láti 1968 sí 1971. Ìgbà náà kò rọgbọ: ní 1971 ni ọlọ́pàá yìnbọn pa akẹ́kọ̀ọ́ kan nínú ọgbà yunifásítì náà nígbà ìfẹ̀hónúhàn, ẹni tí ó bá sì ń sọ ìtàn gíwá náà kò gbọdọ̀ fo èyí dá. Lọ́dún yẹn ni ó lọ sí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní Geneva. Ní 1973 ni ọmọ Abẹ́òkúta di igbákejì olórí Àjọ tí ó tẹ ìwé Carothers jáde, ó sì wà nípò náà títí di 1988. Ipò yẹn ni ó wà ní 1978, nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè ayé fẹnu kò ní Alma-Ata lórí ètò ìlera alábọ́dé, tí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé a lè lo àwọn òṣìṣẹ́ ìlera inú ìlú àti àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ níbi tí ó bá yẹ.

Ilé-ìwòsàn Arò ṣì wà, ó sì lókìkí. Ètò abúlé rẹ̀ ni ó rẹ̀yìn díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn tí Lámbò ti lọ. Èrò tiwa ni pé orí ẹnì kan ni a gbé e lé jù. Ọ̀rẹ́ àwọn baálẹ̀ ni dókítà náà jẹ́. Kò sí ìlànà tí ó sọ ọ́ di dandan fún ẹni tí ó bá jókòó sí àga rẹ̀ láti jẹ́ ọ̀rẹ́ wọn.

Síbẹ̀, àwọn ọmọ ilẹ̀ wa kò jẹ́ kí ọ̀nà náà dí. Ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun yìí, ní ìjọba ìbílẹ̀ 8, àwọn ọ̀mọ̀wé láti Ìbàdàn ti kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́dé bí a ti ń mọ àìsàn ọpọlọ àti bí a ti ń tọ́jú rẹ̀, pẹ̀lú ìwé ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ní 2020, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí mìíràn jáde, tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà àti ní Gánà. Wọ́n rí i pé níbi tí adáhunṣe tàbí àlùfáà ti fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́dé, ara àwọn aláìsàn sàn ju ti àwọn tí a fi sílẹ̀ bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023 ni ààrẹ sì fọwọ́ sí òfin tuntun nípa ìlera ọpọlọ, tí ó gba ipò òfin àtijọ́ tí ó wá láti ìgbà amúnisìn.

A kò rí ìdí tí agbègbè Èjìgbò yóò fi máa dúró de ìgbà tí dókítà yóò pọ̀ tó. A ń rọ ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀ pé kí wọ́n pe àwọn òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́dé, àwọn adáhunṣe, àwọn pásítọ̀ àti ìmáàmù, àwọn baálẹ̀ àti ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń rí àwọn ọmọ lójoojúmọ́ jọ sí ibì kan, kí wọ́n sì fẹnu kò lórí mẹ́ta péré: ẹni tí a ó kọ́kọ́ ránṣẹ́ pè bí àìsàn ọpọlọ bá dé, ẹni tí yóò bá ẹbí lọ sí ilé-ìwòsàn, àti bí a ó ti fòpin sí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Kí ìpàdé àkọ́kọ́ wáyé ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn, kì í ṣe ní olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀, kí a sì kọ àdéhùn náà sílẹ̀, kí ó má bàa bá ẹni tí ó pè é kúrò nípò.