Robert Peel àti Owó Bodè Àlìkámà

Ní ọjọ́ 5 oṣù kejì ọdún 1788 ni a bí Robert Peel ní ìlú Bury, ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òwò òwú ni ó sọ baba rẹ̀ di ọlọ́rọ̀, ṣùgbọ́n baba náà fẹ́ kí ọmọ òun di aṣáájú nínú ìṣèlú. Ó rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Harrow, láti ibẹ̀ ni ó sì ti lọ sí Yunifásítì Oxford, níbi tí ó ti gba ipò kìn-ín-ní nínú ẹ̀kọ́ Látìn àti Gíríìkì àti nínú ìṣirò pẹ̀lú. Ní ọdún 1809, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún mọ́kànlélógún, ó wọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Òun ni ó dá ẹgbẹ́ ọlọ́pàá ìlú London sílẹ̀ ní ọdún 1829. Láti ara orúkọ rẹ̀ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń pe ọlọ́pàá ní Bobby.

Ṣùgbọ́n ọ̀ràn owó bodè ni ó dán ìwà Peel wò ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ní ọdún 1815, àwọn aṣòfin pàṣẹ pé a kò gbọdọ̀ ta àlìkámà òkè òkun ní ilẹ̀ náà àfi bí iye owó ti ilé bá tó ṣílè 80 fún òṣùwọ̀n kan. Ní ọdún 1828, wọ́n fi owó bodè rọ́pò òfin líle yìí: bí àlìkámà ilé bá ti ń wọ́n sí i, bẹ́ẹ̀ ni owó bodè ń dín kù.

Àwọn onílẹ̀ ní ìdí tiwọn. Wọ́n ní bí oúnjẹ pọ́ọ́kú bá ya wọ ìlú, àgbẹ̀ yóò kọ oko sílẹ̀, àti pé bí ogun bá dé, ọ̀tá lè fi ebi pa orílẹ̀-èdè tí kò lè bọ́ ara rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ní tiwọn ń ráhùn pé búrẹ́dì wọ́n, owó iṣẹ́ sì kéré. Ní ọdún 1839, Richard Cobden àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Manchester láti gbógun ti òfin náà. Wọ́n tẹnu mọ́ ọn pé àjèjì tí a kò bá ra ọkà rẹ̀ kò ní rí owó ra aṣọ wa.

Àwọn onílẹ̀ wà lára àwọn tí ó gbé Peel dé ipò olórí ìjọba ní ọdún 1841. Síbẹ̀, ní ọdún 1842, ó dín owó bodè ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọjà kù. Kí àpò ìjọba má baà gbẹ, ó bu owó orí lé àwọn tí owó wọn ju pọ́n-ùn 150 lọ́dún: kọ́bọ̀ méje lórí pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan. Díẹ̀díẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ń kúrò lẹ́yìn owó bodè àlìkámà pẹ̀lú.

Ní ọdún 1845, àrùn kọlu ọ̀dùnkún ní ilẹ̀ Ireland, oúnjẹ tí àwọn tálákà ibẹ̀ gbẹ́kẹ̀ lé. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Peel ra àgbàdo láti Amẹ́ríkà níye pọ́n-ùn 100,000, ó sì pinnu láti mú owó bodè náà kúrò. Púpọ̀ nínú àwọn mínísítà rẹ̀ kọ̀. Ó fi ipò sílẹ̀ ní oṣù kejìlá, ṣùgbọ́n kò sí ẹlòmíràn tí ó lè dá ìjọba sílẹ̀, nítorí náà ó padà.

Àwọn ọ̀rẹ́ àná pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Benjamin Disraeli sọ̀rọ̀ kíkan sí i lójú gbogbo Ilé. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1846, ìbò 327 borí 229, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ẹgbẹ́ Peel ni ó dìbò lòdì sí i; àwọn alátakò ni ó bá a gbé e. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹfà, Ilé Ìgbìmọ̀ Àwọn Ọlọ́lá fọwọ́ sí òfin náà. Ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n ṣẹ́gun ìjọba rẹ̀ lórí ọ̀ràn mìíràn. Ó fi ipò sílẹ̀, kò sì tún ṣe olórí ìjọba mọ́.

Òfin titun náà kò gba Ireland là. Ọ̀dùnkún tún bàjẹ́ ní ọdún 1846, nígbà tí ìyàn náà yóò sì fi parí, nǹkan bí mílíọ̀nù kan ènìyàn ti kú. Àwọn àgbẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò parun lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bí wọ́n ti bẹ̀rù. Lẹ́yìn ọdún 1870, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin àti ọkọ̀ ojú omi ń kó ọkà Amẹ́ríkà wá, ni ìnira tòótọ́ bá wọn.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1850, ẹṣin gbé Peel ṣubú ní London. Ó kú ní ọjọ́ 2 oṣù keje. Ọ̀pọ̀ ìlú ni ó gbé ère rẹ̀ kalẹ̀, Bury tí a gbé bí i sì wà lára wọn.

Kì í ṣe gbogbo owó bodè ni ó burú, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó dára. Ohun tí ìgbésí ayé Peel kọ́ni ni pé kí olórí bèèrè ta ni ó ń jèrè, ta ni ó sì ń sanwó. Bí ó bá sì rí i pé òun ti ṣìnà, kí ó padà, bí ipò rẹ̀ tilẹ̀ máa bá a lọ.