Ìtàn Ayé Prempeh Kìíní, Ọba Àṣáńtì

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kọkànlá ọdún 1924, ọkọ̀ ojú irin tí ó ti etíkun Sekondi bọ̀ wọ ìlú Kúmásì. Àgbàlagbà ọkùnrin kan tí ó wọ aṣọ Òyìnbó sọ̀kalẹ̀ nínú rẹ̀. Nínú ìwé ìjọba, Ọ̀gbẹ́ni Edward Prempeh ni orúkọ rẹ̀, ará ìlú lásán ni, kò sì gbọdọ̀ pe ara rẹ̀ ní ohun mìíràn. Lójú ogunlọ́gọ̀ ènìyàn tí ó jáde wá pàdé rẹ̀, ọba ni ó dé. Nígbà tí wọ́n mú un jáde kúrò ní Kúmásì, kò sí ojú irin kankan ní ilẹ̀ náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni nígbà náà. Ó kù díẹ̀ kí ó pé ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tí ó ti wà ní ìgbèkùn.

Kúmásì kì í ṣe ìlú àjèjì sí wa. Ọ̀pọ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́, Òfà, Ìlọrin àti Ìnísà ni ó ti tajà níbẹ̀, tí wọ́n sì bímọ síbẹ̀, kí àṣẹ oṣù kọkànlá ọdún 1969 tó lé wọn kúrò ní Gánà. Síbẹ̀, bí a bá bi àwọn ọmọ ilé-ìwé wa léèrè ohun tí wọ́n mọ̀ nípa ìjọba Kúmásì àtijọ́, wúrà àti ogun ni wọn yóò dárúkọ. Ẹ̀bi wọn kọ́. Nígbà tí àwa fúnra wa ń kẹ́kọ̀ọ́ ní òkè òkun, a kọ́ wa pé inú ọkọ̀ ojú omi ni ìgbìmọ̀ aṣòfin gbà dé Áfíríkà, àti pé kí ó tó dé, ọba kan ṣoṣo ni ó ń pàṣẹ bí ó ti wù ú. A gbà á gbọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ìtàn Prempeh wà lára ohun tí ó la ojú wa.

Ní nǹkan bí ọdún 1700, ní ayé Osei Tutu àti àlùfáà rẹ̀ Okomfo Anokye, ni àwọn ìlú Àṣáńtì para pọ̀ sábẹ́ Àpótí Wúrà. Àpótí ìjókòó ni, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í jókòó lé e. Wọ́n gbà pé inú rẹ̀ ni ẹ̀mí gbogbo orílẹ̀-èdè wà. Ọba tí ó wà ní Kúmásì, tí wọ́n ń pè ní Asantehene, ni olórí gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n Mampong, Kokofu, Bekwai, Nsuta, Juaben àti àwọn ìlú mìíràn ní ọba tiwọn, àwọn ọba wọ̀nyí sì ní ẹ̀tọ́ láti jókòó pẹ̀lú rẹ̀ nínú àpéjọ kan tí a ń pè ní Asantemanhyiamu, èyíinì ni ìpàdé gbogbo orílẹ̀-èdè Àṣáńtì. Àpéjọ yìí ni ó ń ṣe òfin. Òun ni ó ń pinnu ogun àti àlàáfíà, òun ni ó sì ń dá ẹjọ́ tí ó bá kan ilẹ̀ náà lápapọ̀. Àkókò ọdún Odwira, nígbà tí gbogbo àwọn ọba bá wá sí Kúmásì, ni ó sábà máa ń jókòó.

Níwọ̀n bí àwọn ọba wọ̀nyí kò ti lè máa gbé Kúmásì lójoojúmọ́, ìgbìmọ̀ kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Asantehene tí ń bójú tó iṣẹ́ ìjọba láti àpéjọ kan sí èkejì. Lábẹ́ rẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ọba wà: àwọn akápò, àwọn agbẹnusọ tí a ń pè ní akyeame, àwọn tí ń gba owó òde, àwọn tí ń ṣọ́ ọ̀nà ọjà. Osei Kwadwo, tí ó jọba láti 1764 títí di 1777, ni ó tẹra mọ́ fífi ènìyàn sí irú ipò bẹ́ẹ̀ nítorí pé wọ́n mọ iṣẹ́, kì í ṣe nítorí ìdílé tí wọ́n ti wá nìkan. Àwọn aláṣẹ wà lọ́tọ̀, àwọn aṣòfin wà lọ́tọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnì kan náà lè jókòó ní ìhà méjèèjì, gẹ́gẹ́ bí mínísítà ṣe ń jókòó nínú ilé aṣòfin ní Gánà òde òní.

A kò ní láti ṣe àlàyé púpọ̀ fún ẹni tí ó bá mọ Aláàfin àti Ọ̀yọ́ Mèsì. Bí Baṣọ̀run ti lè kọ ọba ní Ọ̀yọ́ ni wọ́n ṣe lè yọ ọba ní Kúmásì. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé kì í ṣe dandan kí ọba Àṣáńtì tí a yọ ṣí igbá wò. Ní ọdún 1874, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti sun Kúmásì níná, wọ́n yọ Kofi Karikari nítorí pé ó kó wúrà nínú ibojì àwọn ọba àtijọ́ ní Bantama. Ní 1883 wọ́n tún yọ Mensa Bonsu, arọ́pò rẹ̀. Ọba méjì láàárín ọdún mẹ́wàá! Ẹni tí ó bá ní aláṣẹ tí kò sí ẹni tí ó lè mú un ni ọba Áfíríkà, kí ó ka ìyẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Inú ìdàrúdàpọ̀ yìí ni Prempeh dàgbà sí. Nǹkan bí ọdún 1870 ni a bí i. Yaa Akyaa ìyá rẹ̀ jẹ́ obìnrin tí orí rẹ̀ pé púpọ̀, òun ni ó sì di ìyá ọba, oyè tí ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti dárúkọ ẹni tí yóò jọba. Ẹ̀gbọ́n Prempeh, Kwaku Dua Kejì, jọba ní 1884, ṣùgbọ́n kò pẹ́ rárá tí ó fi kú. Ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn tí ó fẹ́ Prempeh àti àwọn tí ó fẹ́ Atwereboanna. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kú, ọ̀pọ̀ sì sá lọ sí ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù kẹta ọdún 1888 ni wọ́n tó fi Prempeh jọba. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Ọdún mẹ́fà mìíràn ni ó kọjá kí wọ́n tó lè ṣe gbogbo ètùtù oyè rẹ̀ parí.

Iṣẹ́ tí ó wà níwájú ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ni pé kí ó tún àpéjọ náà kó jọ, nítorí pé aláṣẹ tí kò ní ìgbìmọ̀ lẹ́yìn kò lè ṣe ohunkóhun ní Àṣáńtì. Ó ránṣẹ́ sí àwọn tí ó ti sá lọ pé kí wọ́n padà wálé. Ó bá Nkoranza jagun. Bí ó ti ń kó ilé jọ ni Gẹ̀ẹ́sì ń ṣọ́ ọ. Ní 1891 wọ́n fi lọ̀ ọ́ pé kí ó wá sábẹ́ ààbò wọn. Ó dá wọn lóhùn tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ pé Àṣáńtì yóò máa wà ní òmìnira gẹ́gẹ́ bí ó ti wà tẹ́lẹ̀, yóò sì máa bá gbogbo Òyìnbó ṣe ọ̀rẹ́.

Wọn kò gba èsì yẹn. Prempeh àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ pinnu nígbà náà láti fo Gómìnà etíkun dá, kí wọ́n sì bá Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀ fúnra wọn. Wọ́n yan ikọ̀ kan, John Owusu Ansah, ọmọ ọba tí ó mọ̀wé, ni olórí rẹ̀. Ní 1895 ikọ̀ náà dé Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì dúró títí. Ìjọba ibẹ̀ kọ̀ láti gbà wọ́n. Àwáwí wọn ni pé a ń fi ènìyàn rúbọ ní Kúmásì. A kò ní í purọ́ fún àwọn òǹkàwé wa: wọ́n ṣe é ní Kúmásì láyé àtijọ́, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe é ní àwọn ìlú tiwa náà. Ṣùgbọ́n Faransé ń bọ̀ láti ìhà kan, Jámánì ń bọ̀ láti ìhà kejì, wúrà sì wà nínú ilẹ̀ Àṣáńtì. Ohun tí ó ń dun Lọ́ńdọ̀nù nìyẹn.

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìíní ọdún 1896, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí Sir Francis Scott jẹ́ olórí wọn wọ Kúmásì. Ìbọn kan kò dún. Prempeh ti pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe jà. Ní ọjọ́ ogún oṣù náà, Gómìnà William Maxwell jókòó ní gbangba, ó sì ní kí ọba àti ìyá rẹ̀ wá wólẹ̀ kí wọ́n dì mọ́ ẹsẹ̀ òun lójú àwọn ènìyàn wọn. Wọ́n ṣe é. Lẹ́yìn èyí ni ó béèrè áúnsì wúrà 50,000, gbèsè ogun tí àdéhùn Fomena ti ọdún 1874 gbé kà wọ́n lórí. Prempeh ní apá kan ni òun lè san lójú ẹsẹ̀, òun yóò máa san èyí tí ó kù díẹ̀díẹ̀. Níbẹ̀ gan-an ni wọ́n ti mú un, àti ìyá rẹ̀, bàbá rẹ̀, àbúrò rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ìjòyè àti àwọn ọba tí ó sún mọ́ ọn.

Àwọn kan ti sọ pé ojo ni Prempeh. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó mọ ohun tí ogun 1874 ṣe sí Kúmásì, ó sì mọ ohun tí ogun abẹ́lé ṣe sí i lẹ́yìn rẹ̀. Bí a bá fẹ́ wá ẹ̀bi, ẹ jẹ́ kí a wá a sínú ìyapa àwọn ìlú náà. Bekwai, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó ní ìjókòó nínú àpéjọ, ti bọ́ sábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì kí ọmọ ogun wọn tó dé Kúmásì. Bí àwọn aṣòfin bá ti fọ́nká, kí ni aláṣẹ kan lè dá ṣe?

Ẹ wò bí àwọn amúnisìn ti mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Wọn kò mú ọba nìkan. Wọ́n kó ìgbìmọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n gbé ajẹ́lẹ̀ Òyìnbó kalẹ̀ sí Kúmásì, wọ́n ní kí ìjòyè mẹ́ta máa ràn án lọ́wọ́, wọ́n sì ń bá ìlú kọ̀ọ̀kan lò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí ẹni pé wọn kò jẹ́ ọ̀kan rí. Wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta ọdún 1900, Gómìnà Frederick Hodgson wá sí Kúmásì, ó sọ fún àwọn ìjòyè pé Prempeh kò ní í padà wá mọ́, ó sì ní kí wọ́n gbé Àpótí Wúrà wá kí òun jókòó lé e. Ohun tí ọba wọn gan-an kò gbọdọ̀ ṣe! Yaa Asantewaa, ìyá ọba ìlú Edweso, tí wọ́n ti mú ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ pẹ̀lú Prempeh, ni ó ṣíwájú ogun tí ó tẹ̀lé e. Wọ́n ká Gómìnà mọ́ inú odi Kúmásì. Nígbẹ̀yìn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun, wọ́n sì sọ Àṣáńtì di ilẹ̀ Ọba Gẹ̀ẹ́sì láti ọjọ́ kìíní ọdún 1902. Ṣùgbọ́n wọn kò rí Àpótí náà.

Elmina ni wọ́n kọ́kọ́ fi Prempeh sí, lẹ́yìn náà Sàró, àti ní 1900 wọ́n gbé e lọ sí erékùṣù Seychelles nínú òkun ìlà-oòrùn Áfíríkà. Ibẹ̀ ni wọ́n kó Yaa Asantewaa náà wá. Ovonramwen ti Bìní kú sí ìgbèkùn ní Kàlàbá ní 1914. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bẹ́ẹ̀ ni ti Prempeh yóò rí. Ó kọ́ ìwé kíkà àti kíkọ nígbà tí ó ti dàgbà, ó wọ ìjọ Áńgílíkà, ó ń jẹ́ Edward. Àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé-ìwé. Ó ń kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ìjọba Lọ́ńdọ̀nù léraléra. Àwọn ìjòyè tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ sì ń jókòó tì í bí wọ́n ti ń ṣe nílé. Ohun tí ó wú wa lórí jù ni pé ní 1907 ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn àwọn ọba Àṣáńtì sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n. Yaa Akyaa kú síbẹ̀ ní 1917, Yaa Asantewaa ní 1921.

Nílé, àwọn ọ̀dọ́ tí ó mọ̀wé ní Kúmásì dá ẹgbẹ́ Asante Kotoko sílẹ̀ ní 1916, wọ́n ń béèrè pé kí a dá ọba padà. Òòrẹ̀ ni Kotoko, ẹranko ẹlẹ́gùn-ún tí ó jẹ́ àmì Àṣáńtì. Àwọn tí ó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù mọ orúkọ náà dáadáa. Ní 1921 àwọn tí ń la ọ̀nà kan ibi tí a sin Àpótí Wúrà sí, àwọn kan sì jí ọ̀ṣọ́ ara rẹ̀. Àwọn ìjòyè Kúmásì pé jọ, wọ́n dá ẹjọ́ àwọn olè náà gẹ́gẹ́ bí ẹjọ́ tí ó kan gbogbo orílẹ̀-èdè, ìjọba kò sì lè ṣe ju pé kí ó yí ìdájọ́ ikú padà sí lílé kúrò nílùú. Lọ́dún yẹn ni ó yẹ kí àwọn amúnisìn ti mọ̀ pé àpéjọ tí wọ́n rò pé àwọn ti túká ṣì wà.

Ní 1924 wọ́n gbà kí Prempeh padà, ní ọdún tí ó ṣáájú èyí tí wọ́n lé Èṣùgbàyí Elékò kúrò ní Èkó lọ sí Ọ̀yọ́. Ní 1926 wọ́n fi í jẹ ọba Kúmásì nìkan. Wọn kò gbà kí ó jẹ́ ọba Àṣáńtì. Wọ́n kọ́ ilé kan fún un ní Manhyia ní 1925. Orúkọ àdúgbò náà gan-an túmọ̀ sí ibi tí orílẹ̀-èdè ti ń pàdé. Ìjọba fẹ́ fi ilé náà ta á lọ́rẹ. Àwọn Àṣáńtì kọ̀, wọ́n san owó rẹ̀. Prempeh sì rí i pé wọ́n kó egungun àwọn tí ó kú sí Seychelles padà wálé láti sin.

Ó kú ní ọjọ́ kejìlá oṣù karùn-ún ọdún 1931. Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kìíní ọdún 1935, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ìṣọ̀kan Àṣáńtì padà. Àwọn ọba Mampong, Juaben, Kokofu àti àwọn yòókù tún jókòó ní Kúmásì lábẹ́ Asantehene kan ṣoṣo, Osei Agyeman, ẹni tí ó ti mú orúkọ Prempeh Kejì.